Mover kárávàn tó ń yí lápá kan, tó tún ń kú lórí òkè: ẹ má tíì ra control box

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kárávàn tòkunbọ̀ kan la rà lọ́dún tó kọjá níbí ní Essex, mover (àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré oníbátìrì tó ń fi rólà yí táyà kí kárávàn lè rìn láìsí ọkọ̀) wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa há, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gun òkè díẹ̀, mover nìkan ló lè gbé e wọlé. Látìgbà tá a ti gbé e jáde lẹ́yìn wíńtà, rólà òsì ń yí dáadáa, tọ̀tún á yí díẹ̀ á dúró, ìgbà míì kò ní yí rárá, mo kàn ń gbọ́ "tá" nínú control box, àpótí tó ń pín iná fún mover. Tí méjèèjì bá sì jọ yí, bó bá ti fẹ́ gun òkè báyìí gbogbo ẹ̀ á kú, iná pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo fi mítà wọn bátìrì, fóòtì 12.7 ló sọ, ìyẹn ni pé bátìrì dáa. Mo ti pààrọ̀ bátìrì rìmóòtù. Ẹnì kan ní kí n lọ ra control box tuntun, owó ẹ̀ sì ń dẹ́rù bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó kárávàn o, ẹ sì kú wàhálà. Ẹ má tíì ra control box. Nínú gbogbo ohun tó wà lára mover, ó wà lára àwọn tó wọ́n jù, òun náà sì làwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bá ṣẹjọ́ torí pé òun ni iná ẹ̀ ń ṣẹ́jú, wọn ò mọ̀ pé lọ́pọ̀ ìgbà iná tó ń ṣẹ́jú yẹn ẹjọ́ ẹlòmíì ló ń rò, ó ń sọ pé iná tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ òun ò dé, tàbí pé ó dé àmọ́ kò lágbára. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ṣẹ́jú kó tó sinmi àti ohun tíyẹn ń sọ, inú ìwé ìlò mover tiyín gan-an lẹ ti máa rí i, ti Truma yàtọ̀ sí ti Powrtouch (orúkọ mover làwọn méjèèjì), torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti tiẹ̀ túmọ̀ tiyín.

Ibi tí mo ti dúró nínú ọ̀rọ̀ yín ni 12.7 yẹn. Ó dáa tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, àmọ́ ìgbà wo lẹ wọ̀n ọ́n? Tó bá jẹ́ pé iná ilé (ẹnu mi ò tíì kúrò lórí NEPA, ẹ má bínú) wà lára kárávàn nígbà yẹn, chájà ló ń bá yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe bátìrì. Chájà á gbé e dé bíi 13.8 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ kúrò, bátìrì á ṣì máa ṣe fọ́rífọ́rí fún wákàtí díẹ̀ kó tó padà sí ipò ẹ̀. Ẹ yọ iná ilé lálẹ́, ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bátìrì olómi tó kún tó sì ti sinmi á wà ní nǹkan bíi 12.7, tó bá jẹ́ 12.2 ó ti lo bí ìdajì, tó bá ti wà ní 12.0 sísàlẹ̀ ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ká tiẹ̀ wá ní 12.7 yẹn jẹ́ ojúlówó, kò tíì fi nǹkan kan hàn. Mítà kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ bátìrì, ó kàn ń yọjú wò ó ni. Ẹni tẹ́ ò tíì gbẹ́rù lé lórí, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ọrùn ẹ̀ le? Bátìrì tó ti gbẹ́mìí mì, tí gbogbo wíńtà ti kọjá lórí ẹ̀ láìjẹ chájì, tí nǹkan funfun ti dì mọ́ irin pẹlẹbẹ inú ẹ̀, á ṣì máa sọ 12.7 fún yín láìsí ìtìjú. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi iná inú kárávàn tó ń tàn ṣe ẹ̀rí. Iná LED inú ẹ̀ lápapọ̀ lè má ju ámpù 2 lọ, pọ́ǹpù omi bíi 4 tàbí 5. Mover ńkọ́? Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ́ńjìnnì méjèèjì lè máa gba ámpù 20 sí 40, tó bá wá ń gun òkè tàbí tó fẹ́ gun etí kọ́ńkéré, ó lè fò kọjá 100 fún ìgbà díẹ̀. Èyí ló jẹ́ kó jẹ́ pé orí òkè ló ti ń kú fún yín, kò kú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Gbogbo wíwọ̀n tó máa wúlò fún wa lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìgbà tí mover bá ń ṣiṣẹ́ gan-an la máa wọ̀n ọ́n, ọ̀rọ̀ mi ò jùyẹn lọ, bá a ṣe máa ṣe é ló kù.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan ná. Ẹ já kárávàn kúrò lára ọkọ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì 13-pin. Àwọn kan máa ń fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ pé á ran bátìrì kárávàn lọ́wọ́, àmọ́ wáyà 2.5mm² ló ń gbé chájì gba inú púlọ́ọ̀gì yẹn, kí nìyẹn fẹ́ bá ámpù 60 ṣe? Ẹ bọ́ òrùka àti wọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, torí òrùka tó bá kan pọ́sítíìfù tó tún kan irin lẹ́ẹ̀kan náà á pọ́n wẹ̀ẹ̀ lọ́wọ́ yín ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú orí bátìrì, négétíìfù lẹ máa kọ́kọ́ yọ, òun náà lẹ máa dá padà kẹ́yìn. Ẹ má mu sìgá níbẹ̀, bátìrì máa ń tú gáàsì. Ẹ lé àwọn ọmọ jìnnà, kò sí eré nínú kárávàn tó lè ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ wọ abẹ́ ẹ̀, kí búréèkì ọwọ́ wà lókè, kí wẹ́jì wà níwájú àti lẹ́yìn táyà, kí rólà ti kúrò lára táyà, jáàkì nìkan ò tó.

Ó dáa. Èèyàn méjì lẹ nílò, ẹnì kan á máa tẹ rìmóòtù, ẹnì kejì á máa ka mítà. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, kì í ṣe orí òkè yín yẹn, kí iwájú àti ẹ̀yìn ṣófo, kí rólà kan táyà dáadáa, torí tí rólà ò bá kan táyà kò sẹ́rù kankan, ẹ kàn ń tan ara yín ni. Ibi tí wíwọ̀n àkọ́kọ́ wà ni orí òjé bátìrì fúnra ẹ̀, mo ní òjé tó yọ sókè yẹn o, kì í ṣe irin tó dè mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí mover rìn, ẹ ka mítà bó ṣe ń rìn. Bátìrì tó dáa á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó lè bọ́ sí bíi 12.0, ó lè bọ́ sí 11.6, á dúró síbẹ̀, tí mover bá dúró á tún gòkè. Tó bá jẹ́ pé bó ṣe ń rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ló já wálẹ̀ sí 10.5 tàbí kó tún lọ sílẹ̀ sí i, ẹ ti rí ọ̀kan nínú àwọn olè yín, bátìrì ni. Ọ̀pọ̀ control box ni wọ́n ṣe láti pa ara ẹ̀ tí fóòtì bá ti ń lọ sí agbègbè 10, ó ń dáàbò bo ara ẹ̀ ni, iná pupa á sì máa ṣẹ́jú. Ẹ gbé bátìrì lọ sí ṣọ́ọ̀bù bátìrì pẹ̀lú chájì tó kún, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gbẹ́rù lé e wò ó kẹ́ ẹ tó ra òmíì.

Tí bátìrì bá wá dúró dáadáa ní 12 ńkọ́, tí mover ṣì ń kú? Ẹ gbé mítà lọ sẹ́nu ọ̀nà control box, níbi tí wáyà ńlá méjèèjì ti wọlé, ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe ń rìn. Tó bá jẹ́ 12 ló wà lórí bátìrì, tí 10 wá dé inú box, fóòtì 2 ti sọnù sójú ọ̀nà, iṣẹ́ yín báyìí ni pé kẹ́ ẹ wá ibi tó sọnù sí. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyí: ẹ fi ọwọ́ mítà pupa sórí òjé pọ́sítíìfù bátìrì, ẹ fi dúdú sẹ́nu pọ́sítíìfù control box, ẹ fi mítà sí fóòtì DC, ẹ wá tẹ rìmóòtù. Náńbà tó bá jáde ni iye tó ń sọnù lápá pọ́sítíìfù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lápá négétíìfù náà, àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀ ni iná ń gbà padà. Tó bá wà ní bíi 0.3 lápá kọ̀ọ̀kan, ẹ má da ara yín láàmú. Tó bá ti kọjá 0.5, ẹ máa sún ọwọ́ mítà mọ́ra díẹ̀díẹ̀: láti òjé sí irin tó dè é, láti irin yẹn sí ẹnu wáyà, láti ẹnu swíìṣì ńlá kan sí ìkejì, láti etí fíùsì kan sí ìkejì, títí náńbà á fi fò lójijì. Ibi tó ti fò nibẹ̀ náà.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tá ò kàn fi mítà sí ohm, ibi tó ti ń wọn ìdènà iná, ká yẹ wáyà wò bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe, tó á ké "pííì" ká sì lọ jókòó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Wáyà bàbà 16mm² tó rìn bí ẹsẹ̀ bàtà 16 láti bátìrì dé box, lílọ bíbọ̀ ẹ̀ ní bíi milliohm 11, tí ámpù 60 bá gba ibẹ̀ kọjá fóòtì bíi 0.65 á sọnù, tó bá jẹ́ wáyà 25mm² ni, bíi 0.4. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ ẹ wá fi ojú kan tó ti dípẹtà kún un, tó ní milliohm 20 péré, ó ti jẹ fóòtì 1.2 mọ́ yín lọ́wọ́, ooru watt 72 ló sì ń jáde lójú kékeré yẹn. Ohm 0.02 nìyẹn. Mítà olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́wọ́ wa, wáyà ọwọ́ ẹ̀ fúnra ẹ̀ ti ju ìyẹn lọ, kò lè rí i láéláé. Kódà tó bá jẹ́ okùn bàbà kan ṣoṣo ló kù nínú wáyà tó ti já, mítà á ké pííì fún yín, òótọ́ ló sì sọ, iná lè kọjá, àmọ́ kì í ṣe iná mover.

Torí ooru yẹn náà, bẹ́ ẹ bá ṣe dúró báyìí, ẹ pa swíìṣì ńlá, ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Èyí tó gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Ibi táwọn nǹkan wọ̀nyí sábà máa ń sá pamọ́ sí ò pọ̀. Orí bátìrì ni àkọ́kọ́, irin tó dè é lè le lójú kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ yí i kó yí, ẹ tú u, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà tàbí sándípépà ha òjé àti inú irin náà kó máa dán, ẹ dè é padà, ẹ fi gíríìsì fẹ́lẹ́ bò ó lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dè é tán. Tẹ̀lé e ni swíìṣì ńlá tó ní kọ́kọ́rọ́ pupa, èyí tó ń gé iná mover. Àwọn tó jẹ́ gbàrọgùdù lára wọn máa ń jó nínú, ìta á máa dán bíi tuntun. Mo kórìíra àwọn swíìṣì yẹn gan-an, tí mo bá rí èyí tó ń jẹ ju fóòtì 0.2 lọ mi ò kì í tún un ṣe, mò ń pààrọ̀ ẹ̀ ni. Ìkẹta ni irin ẹnu wáyà, níbi tí wọ́n ti fún wáyà pa mọ́ inú irin. Ẹni tó fi mover sí i fẹ́ni tó kọ́kọ́ ni kárávàn lè ti fi píláyà lásán tẹ̀ ẹ́ tàbí kó tiẹ̀ fi hámà gbá a. Ẹ fà á. Wáyà tó bá mì tìtì nínú irin ẹnu ẹ̀ ti ń ṣe páṣà nìyẹn, bó bá sì jẹ́ pé bàbà inú ẹ̀ ti di dúdú tàbí aláwọ̀ ewé, ẹ gé e dé ibi tó ti ń dán, ẹ fi irin ẹnu tuntun sí i, ẹ fi ohun èlò tí wọ́n ṣe fún un fún un pa, kẹ́ ẹ fi rọ́bà tó ń sún kì tó bá rí iná bò ó, èyí tí gọ́ọ̀mù wà nínú ẹ̀ kí omi má lè wọlé. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní kẹ́ ẹ fi sọ́dà jó o. Mi ò lòdì sí sọ́dà nínú rédíò, àmọ́ abẹ́ kárávàn ń gbọ̀n, sọ́dà á jẹ́ kí wáyà le gbagidi, ibi tí líle yẹn parí sí gan-an ni á ti já.

Fíùsì wá ńkọ́? Ó yẹ kó wà nítòsí bátìrì lápá pọ́sítíìfù. Èyí tí ìwé mover bá ní kẹ́ ẹ fi sí i lẹ máa fi sí i, kò sí pé "èyí tó tóbi díẹ̀ ló wà lọ́wọ́". A mọ ara wa, ẹ ṣàánú Ọlọ́run, ẹ má fi wáyà tàbí bébà sìgá dí ojú fíùsì bí wọ́n ṣe ń ṣe sí fíùsì NEPA nílé. Bátìrì tó lè tú ámpù tó lé ní 1,000 sínú wáyà tó bá bíríìjì, tí kò sí ohun tó máa já lójú ọ̀nà, wáyà yẹn á pọ́n bí ẹyin iná lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì onífóòmù, ilé onípákó pẹlẹbẹ sì ni kárávàn. Ẹ yẹ fíùsì ọ̀hún wò bó ṣe wà lójú iṣẹ́, torí mo ti rí èyí tí kò já àmọ́ tí nọ́ọ̀tì ẹ̀ tú.

Ó ku apá ọ̀tún, èyí tó jẹ́ pé ó dun mọ́ mi láti dáhùn torí pé Ọlọ́run ti fún yín ní òsì tó ń ṣiṣẹ́, ẹ ní ohun tẹ́ ẹ máa fi wé e. Pé ẹ gbọ́ "tá" nínú box fi hàn pé rìmóòtù ti bá box sọ̀rọ̀, rìlè inú ẹ̀ (swíìṣì tí iná ń ṣí tó sì ń pa) sì ti gbìyànjú. Ẹ yọ rólà kúrò lára táyà méjèèjì. Ẹ pa swíìṣì ńlá. Ẹ ya fọ́tò ibi tí wáyà ẹ́ńjìnnì wà lára control box, ẹ má dá orí yín lójú o, ẹ yà á. Ẹ wá gbé wáyà méjì tọ̀tún sí ẹnu tòsì, kẹ́ ẹ gbé tòsì sí tọ̀tún. Ẹ tan án, ẹ tẹ iwájú lórí rìmóòtù, kí ẹnì kan máa wo rólà láti òkèèrè. Tí rólà ọ̀tún bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí dáadáa, tí tòsì wá ń ṣe bẹ́ẹ̀kọ́-bẹ́ẹ̀ni, control box ni ó lẹ́bi lápá ọ̀tún ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé rólà ọ̀tún náà ló ṣì ń dúró bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹnu tòsì ló ti ń jẹun báyìí, box mọ́ tónítóní, ẹ̀bi wà láàárín wáyà yẹn sí ẹ́ńjìnnì. (Ẹ má bẹ̀rù tí rólà bá yí lódìkejì nígbà tẹ́ ẹ gbé e síbòmíì, pọ́sítíìfù àti négétíìfù ló ṣe gbé ara wọn bẹ́ẹ̀.) Ẹ dá gbogbo ẹ̀ padà síbi tó wà nínú fọ́tò kẹ́ ẹ tó fi rólà kan táyà, torí mover tí òsì ẹ̀ rò pé òun lọ̀tún máa gbé kárávàn wọ ògiri aládùúgbò.

Tí mo bá ní kí n ta tẹ́tẹ́, wáyà abẹ́ ni mo máa ta á lé lórí. Ní Britain wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì ní wíńtà kí yìnyín má bàa dì, iyọ̀ yẹn pẹ̀lú omi á fọ́n sábẹ́ kárávàn, á sì wọ gbogbo ojú tí wọn ò bá dí dáadáa. Lára mover mélòó kan, ojú kan wà lábẹ́ níbi tí wáyà box ti pàdé wáyà ẹ́ńjìnnì, tí ẹni tó ṣe é bá wá kàn lọ́ ọ pọ̀ tó fi tépù dúdú wé e, ẹ tú tépù yẹn, ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ ni ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Ẹ tún wo ibi tí wáyà ti gba etí irin ṣáásì kọjá àti ibi tó ti sún mọ́ ibi tí rólà ń gbà wọlé jáde, torí gbogbo ìgbà tí rólà bá ń lọ táá máa bọ̀ ló ń tẹ wáyà yẹn síbì kan náà. Kí rólà ṣì wà láìkan táyà, kí ẹnì kan tẹ rìmóòtù, kẹ́ ẹ fi igi gígùn mi wáyà náà díẹ̀díẹ̀, kò sí ọwọ́ nítòsí rólà rárá. Tó bá ń yí tó ń dúró bẹ́ ẹ ṣe ń mì í, páṣà nìyẹn, ẹ ti rí i.

Tí wáyà bá mọ́, ẹ wọn fóòtì lẹ́nu ẹ́ńjìnnì ọ̀tún fúnra ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tẹ rìmóòtù. Tí 12 bá dé ibẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ò sì mira, inú ẹ̀ ni wàhálà wà, kábọ́ọ̀nù ẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, ó ti jẹ tán tàbí ọ̀rinmi wíńtà ti jẹ́ kó há. Ẹ fi ẹ̀yìn hámà onígi kàn án pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ẹnì kejì ṣe ń tẹ rìmóòtù, tó bá ta jí, kábọ́ọ̀nù ni, ẹ má sì rò pé ó ti sàn nìyẹn, ẹ lò ó gbé kárávàn wọlé lọ́jọ́ yẹn kẹ́ ẹ wá ẹni tó máa tú u.

Nǹkan kan wà tí kì í ṣe wáyà rárá tó máa ń dára ẹ̀ bíi wáyà. Kárávàn tẹ́ ẹ fi búréèkì ọwọ́ dè jálẹ̀ wíńtà, búréèkì ẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ inú díróọ̀mù. Rólà ọ̀tún á tì í, táyà ò ní lọ, ámpù á fò sókè, box á pa gbogbo ẹ̀. Ẹ fi jáàkì gbé apá ọ̀tún níbi tí ìwé kárávàn ní kẹ́ ẹ gbé e sí, ẹ tú búréèkì ọwọ́ sílẹ̀ (wẹ́jì á wà ní táyà òsì, rólà ò sì ní kan táyà), ẹ fi ọwọ́ yí táyà, ẹ ò ní wọ abẹ́ ẹ̀ ní tiyín. Tẹ́ ẹ bá lè yá mítà oníbákà, èyí tó ń gbá wáyà mọ́ra, ẹ rí i pé ó lè ka DC, torí AC nìkan ni ọ̀pọ̀ èyí tí ò wọ́n ń kà. Ẹ gbá wáyà ẹ́ńjìnnì òsì mọ́ra, ẹ ka ámpù ẹ̀, ẹ ka tọ̀tún. Tí tọ̀tún bá kéré sí tòsì dáadáa, ìdènà wà nínú wáyà tàbí kábọ́ọ̀nù, tó bá pọ̀ ju tòsì lọ fíìfíì, nǹkan ló ń di ẹsẹ̀ yẹn mú, búréèkì tàbí rólà tí wọ́n fún mọ́ táyà jù. Ẹ má sì gbìyànjú láti ki mítà kékeré yín sáàárín wáyà mover láti ka ámpù, ámpù 10 ló pọ̀ jù tí ọ̀pọ̀ wọn lè kà, ẹ máa sun ún.

Tó bá wá jẹ́ bátìrì lẹ máa pààrọ̀, ẹ wo ìwé mover kẹ́ ẹ tó sanwó, torí bátìrì lẹ́ṣọ̀ tó dáa fún iná àti tẹlifíṣọ̀n fún ọjọ́ púpọ̀ lè má lè tú ámpù 100 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ń béèrè èyí tó wà láàárín 85 sí 110Ah (Ah ni iye iná tí bátìrì lè gbà). AGM, ìyẹn bátìrì tí omi inú ẹ̀ kì í dà, máa ń tú iná jáde dáadáa. Àwọn tó ń sá lọ sí lithium báyìí kí wọ́n ṣọ́ra, kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú ẹ̀ ní ìdíwọ̀n iye ámpù tó máa jẹ́ kó jáde, tó bá jẹ́ 100 ló dúró sí tí mover bá béèrè 110 lórí òkè, á gé iná wàì bíi pé ẹnì kan yọ fíùsì, fóòtì ẹ̀ sì máa ń dúró lójú kan ju kẹ́ ẹ lè fi mọ iye tó kù nínú ẹ̀. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, nígbà wíńtà ẹ pa swíìṣì ńlá torí control box ń mu díẹ̀díẹ̀ nígbà tẹ́ ò lò ó, kẹ́ ẹ sì máa fún bátìrì olómi tàbí AGM ní chájì kó má lọ sísàlẹ̀ 12.4.

Ìgbà wo lẹ wá máa ra box? Ìgbà tí fóòtì tó tó bá ń wọ inú ẹ̀ lójú iṣẹ́, tí rìmóòtù mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ sì gbé wáyà òsì sí ọ̀tún tí ẹ̀bi sì dúró síbi tí box wà. Nígbà yẹn gan-an ẹ kọ́kọ́ ṣí i wò bóyá omi ti wọ ibẹ̀ tàbí ẹnu wáyà kan ti tú, ẹ sì wá ẹni tó ń tún un ṣe, ẹnì kan lè pààrọ̀ rìlè nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rà tòkunbọ̀, kí rìmóòtù ẹ̀ bá a wá tàbí kẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń so tiyín mọ́ ọn. Tí abẹ́ kárávàn ò bá sì wù yín wọ̀, àwọn oníṣẹ́ tó wà lábẹ́ Approved Workshop Scheme wà káàkiri, àwọn kan lára wọn máa ń wá sílé, kẹ́ ẹ ti mú náńbà yín dání kẹ́ ẹ tó pè wọ́n, kò ní gbà wọ́n ní wákàtí púpọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣe é lópin ọ̀sẹ̀, ẹ kọ náńbà mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi: fóòtì lórí òjé bátìrì àti fóòtì lẹ́nu control box nígbà tí mover ń rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, àti èyí tó dé ẹ́ńjìnnì ọ̀tún nígbà tí rólà ò kan táyà. Ẹ fi fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì mover sí i, àti ti abẹ́ kárávàn níbi tí wáyà ọ̀tún gbà.